Àbọ̀ Ìtàn Ogun Tí Mo Gbé Sáré Wálé

Nígbà tí eegun mi ṣì le, tí mo lè ru agbọ̀n ẹ̀fọ́ yí Oǹdó ká kí oòrùn tó mú… ẹ gbọ́, ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ yìí, kí n má baà gbàgbé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Tèmi, gbé ìwé rẹ sórí tábìlì. Gbé e síbẹ̀. Kò ní bu ẹnikẹ́ni jẹ. Ìyá rẹ ní ìwé òkùnkùn ni, ó ní kó o máa gbé e jáde, ó ní òun máa pe pásítọ̀. Èmi ni mo bí ìyá rẹ, mo lè sọ ọ́: ẹ̀rù máa ń tètè bà á. Àti kékeré ni. Kó pe pásítọ̀. Títí pásítọ̀ á fi dé, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

Mo mọ ìwé yẹn. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Puráímárì kejì ni mo wà tí wọ́n ní kí n wá tọ́jú àbúrò mi nílé, mi ò sì padà mọ́. Mi ò lè kà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tèmi sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé ìwé mímọ́ àwọn ará Íńdíà ni, pé ọ̀rọ̀ ogun àti ẹbí ló wà nínú ẹ̀, mo ní háà! Òun náà nìyẹn. Mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó bí ìyá yín.

Oǹdó ni mo ń gbé nígbà náà, ìyàwó tuntun ni mí. Bàbá yín àgbà ń ṣe káfíńtà. Ọmọ Àkúrẹ́ ni, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Oǹdó ni iṣẹ́ wà fún un, Oǹdó ló sì ti rí mi. Èmi a máa ru ẹ̀fọ́, tòmátò, ilá, a máa gbé e lọ sí ilé àwọn tíṣà nínú ọgbà ilé-ìwé girama kan. Àwọn tíṣà ìgbà yẹn, òyìnbó wà níbẹ̀, ará Gánà wà níbẹ̀, ará Íńdíà wà níbẹ̀. Wọ́n ń wá láti òkè òkun wá kọ́ ọmọ wa. Lónìí ńkọ́? Àwọn tíṣà tiwa gan-an ló ń wá bí wọ́n ṣe máa sá lọ sí Kánádà.

Ará Íńdíà kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Ìyàwó rẹ̀ ni oníbàárà mi. Ọmọ wọn obìnrin ń jẹ́ Mínà, Ìyá Mínà ni mo ń pe òun náà. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́, aṣọ gígùn ló máa ń wé mọ́ra, àmì pupa róbótó níwájú orí. Kì í jẹ ẹran. Kì í jẹ ẹja. Ẹyin, rárá! Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, wàrà, òun náà ló ń jẹ. Àwọn obìnrin àdúgbò ní bóyá ọkọ rẹ̀ ahun ni, tí kì í fún un lówó ẹran. Èmi ò dá sí i. Ẹni tí kì í jẹ ẹran á ra ẹ̀fọ́ púpọ̀, àbí kò ní rà á? Èmi ń jẹ èrè mi.

Ó gbọ́ Yorùbá o. Yorùbá ọjà ni. Á mú tòmátò, á tẹ̀ ẹ́ wò, á ní, "Èyí ti kú."

Mo ní, "Kò kú, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ọ̀nà jìn."

Á ní, "Tó bá rẹ̀ ẹ́, dín owó rẹ̀, kó lọ sùn."

Ẹ ò rí i? A mọwọ́ ara wa.

Ṣùgbọ́n mi ò kì í wọlé rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo ń dúró sí. Ìdí ni pé lórí àpótí gíga kan nínú pálọ̀ wọn, ìwé kan wà tí wọ́n fi aṣọ pupa wé. Òdòdó wà níwájú rẹ̀, tùràrí ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ìyá Mínà kì í sì fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fọ ọwọ́. Ojú tí ènìyàn fi ń wo ejò ni mo fi ń wò ó. Nígbà yẹn, ta ni kò gbọ́ pé Íńdíà ni wọ́n ń kọ̀wé sí tí wọ́n bá fẹ́ gba òrùka, tí wọ́n bá fẹ́ gba ìwé tí wọ́n fi ń pe ẹ̀mí? Ohun tí gbogbo wa gbọ́ nìyẹn. Ohun tí ìyá rẹ ṣì ń gbọ́ títí di òní nìyẹn, Tèmi.

Ọjọ́ kan ó bi mí, "Kí ló dé tó ò kì í wọlé?"

Mo ní, "Ẹsẹ̀ mi dọ̀tí ni, mà."

"Ẹsẹ̀ rẹ dọ̀tí lójoojúmọ́?"

Ó sú mi. Mo ní, "Ìyá Mínà, ẹ má bínú. Nǹkan tó wà nínú aṣọ pupa yẹn… ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀?"

Ẹ̀rín pa á. Ó di ògiri mú. "Ìwé ni! Bíi Bíbélì rẹ."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ogun. Ogun ẹbí."

"Ìwé Ọlọ́run? Ogun ẹbí?"

"Ṣé kò sí ogun nínú Bíbélì rẹ ni?"

Mo ronú díẹ̀. Ogun pọ̀ nínú Bíbélì o. Mo bọ́ bàtà, mo wọlé.

Ó dára. Ẹ jẹ́ ká fi Ìyá Mínà sílẹ̀ níbẹ̀ ná, ká lọ sí Oda, lẹ́bàá Àkúrẹ́.

Bàbá ọkọ mi kú, ó fi oko kòkó sílẹ̀ ní Oda. Ìyàwó méjì ló fẹ́. Ìyá ọkọ mi ni ìyáálé, ọmọ kan ṣoṣo ló sì bí, bàbá yín àgbà nìyẹn. Ìyàwó kejì ti kú, ṣùgbọ́n ó bímọ rẹpẹtẹ, Bọ̀dé sì ni àgbà wọn. Ọ̀nà méjì ni àwa ń gbà pín ogún, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Tí a bá pín in ní ìdí igi, ìyàwó kọ̀ọ̀kan ni igi, àwọn ọmọ rẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀. Oko á pín sí méjì, ọkọ mi nìkan á sì gba ìdajì. Tí a bá pín in ní orí ò jorí, iye ọmọ ni iye ìpín. Ọkọ mi á gba bíńtín, bí olúkúlùkù wọn ṣe gbà á. Ṣé ẹ rí ibi tí ìjà ti wá? Ìyá ọkọ mi ní ìdí igi ni. Àwọn Bọ̀dé ní orí ò jorí ni. Àwọn àgbà ẹbí pàdé, wọ́n pàdé, wọ́n tún pàdé. Wọ́n mu ẹmu tán, wọ́n tú ká.

Kòkó kò dúró de àgbà ẹbí. Kòkó pọ́n. Ọkọ mi rán alágbàṣe lọ ká a, àwọn Bọ̀dé lé wọn jáde nínú oko, wọ́n lu ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ bá dàrú. Ìyá ọkọ mi wọ ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ wá bá wa ní Oǹdó. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní ulẹ̀ baba ọmọ òun kò ní bọ́ sọ́wọ́ ọmọ orogún lójú òun. Ulẹ̀ ni wọ́n ń pe ilẹ̀ ní Àkúrẹ́, ulé ni wọ́n ń pe ilé. Mo sì máa ń fi rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti fi ọjọ́ sí i. Àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kejì, ọkọ mi á lọ sí Oda pẹ̀lú àdá. Àwọn Bọ̀dé náà ti gbọ́, wọ́n ní àwọn ń dúró dè é. Wọ́n ní ìbọn ọdẹ lọ́wọ́.

Ọkùnrin tó ń ṣe àga! Tó bá fi òòlù lu ìka ara rẹ̀, á jókòó gbé ìka sẹ́nu bí ọmọ ọwọ́. Òun ló fẹ́ lọ jagun. Mo sì ti ní oyún nínú nígbà náà. Ìyá yín ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi dé yẹn gan-an, mo gbé ẹ̀fọ́ lọ bá Ìyá Mínà. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó tẹ tòmátò wò, ó ní ó ti kú, mi ò fèsì. Ó gbójú sókè. "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo bá jókòó, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó dìde, ó lọ fọ ọwọ́, ó gbé ìwé náà wá. Ó ṣí i, ṣùgbọ́n kò kà á sí mi létí. Ó ń wò ó, ó ń fi Yorùbá ọjà rẹ̀ ṣàlàyé, èmi sì ń bá a ṣa ẹ̀wà lọ.

Ó ní àwọn kan wà láyé àtijọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò. Ilé kan náà ni wọ́n dàgbà sí. Ìjà dé.

Mo ní, "Kí ni wọ́n ń jà sí?"

"Ìlú baba wọn. Ilẹ̀."

"Ilẹ̀! Lọ́dọ̀ yín náà?"

"Níbo ni kò sí?"

Ó ní ogun pàdé, apá kan níhìn-ín, apá kan lọ́hùn-ún. Jagunjagun kan wà nínú wọn, kò sẹ́ni tó mọ ọfà ta bíi tiẹ̀. Ó sọ fún ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ogun rẹ̀ pé kó wa òun lọ sí agbede méjì, kí òun wo àwọn tí òun fẹ́ bá jà. Ẹ gbọ́ o. Ó débẹ̀, ó wò. Ta ló rí? Bàbá àgbà tó máa ń gbé e jó ní kékeré, ìyẹn ló rí. Tíṣà tó kọ́ ọ ní ọfà títa, òun náà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni ìyókù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹnu rẹ̀ gbẹ. Ọrun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ò lè ṣe é, ó jókòó sínú kẹ̀kẹ́.

Mo dìde fìrì, ẹ̀wà tú dà sílẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ilé!"

"Kò tíì tán! Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ fẹ́ sọ̀rọ̀!"

Mo ní, "Kó máa sọ ọ́ lọ, mo ń bọ̀!" Mo gbé agbọ̀n òfìfo, mo sáré. Mi ò ní gbàgbé. Ó ń pè mí láti ẹnu ọ̀nà, "Dúró! Dúró!" Ta ló ń dúró? Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, tó ti rí omi, ṣé á dúró béèrè odò tí wọ́n ti pọn ọ́n?

Mo bá ọkọ mi lẹ́yìnkùlé, ó ń pọ́n àdá. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Mi ò kí wọn dáadáa. Mo ní, "Bàbá Ìbejì." Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, a ò bí ìbejì. Mo kàn máa ń fi ń ṣàdúrà ni. "Bàbá Ìbejì, ọkùnrin kan wà nílẹ̀ àwọn Ìyá Mínà…" Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Fáìlì tó fi ń pọ́n àdá, ó ń lọ ṣìn-ín, ṣìn-ín. Nígbà tí mo dé ibi bàbá àgbà tó ń gbé e jó, fáìlì dúró.

Ìyá ọkọ mi kọjú sí i, ó ní, "Ìtàn Íńdíà ni o fẹ́ fi gba oko baba rẹ?"

Ọkọ mi kọjú sí mi. Ó ní, "Kí ló wá ṣe?"

"Ó jókòó."

"Lẹ́yìn tó jókòó ńkọ́?"

"Ibi tí mo gbọ́ dé nìyẹn."

Ó wo àdá ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo kọ́ Bọ̀dé bí wọ́n ṣe ń gun igi. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ẹ̀yìn mi ló ń sùn sí." Ìyá ọkọ mi pòṣé, ó dìde, ó wọlé lọ. Kò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé oúnjẹ fún un, ó ní kí n gbé e fún ọlọ́fà mi tó jókòó.

Ilẹ̀ mọ́, ọkọ mi mú ọ̀nà Oda pọ̀n. Kò mú àdá dání. Mo tẹ̀ lé e, ó ní kí n padà, mi ò padà. Àwọn Bọ̀dé ti tò sójú ọ̀nà oko, gbogbo wọn, tàdátàdá, ìbọn lọ́wọ́ ẹnì kan. Mo di inú mi mú.

Ọkọ mi rìn títí ó fi kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó bá jókòó sílẹ̀. Ilẹ̀ lásán o! Lórí ewé kòkó, nínú ìrì, pẹ̀lú ṣòkòtò tó mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ kì í ka irú nǹkan yẹn sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń nà sórí àga, tí àgbàlagbà dúró! Nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ kò lè wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ìwọ àbúrò dúró gbagidi lé e lórí. Èèwọ̀ ni. Ìbáà ṣe pé o fẹ́ pa á, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn wo ara wọn. Wọn ò mọ èyí tí wọn ì bá ṣe. Èyí tó kéré jù nínú wọn ló kọ́kọ́ lóṣòó. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹni tó gbé ìbọn náà fi ìbọn lélẹ̀, nítorí ta ni í gbé ìbọn lóṣòó?

Ó ku Bọ̀dé nìkan. Òógùn bò ó. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ dìde."

Ọkọ mi ní, "Ó rẹ̀ mí."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde ká jà!"

"Ìwọ jà. Èmi ń sinmi."

"Báwo ni mo ṣe máa bá ẹni tó jókòó jà?"

"Ìwọ náà jókòó, ká jọ mọ bí a ó ṣe ṣe é."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọ̀kan nínú wọn. Ó gbìyànjú láti gbé e mì, kò ṣeé gbé mì. Bọ̀dé sọ àdá mọ́lẹ̀, ó jókòó, ó sì bú sẹ́kún. Ọkùnrin gìrìwò!

Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ inú oko. Oko tí bàbá wọn fúnra rẹ̀ gbìn lápá odò, wọ́n ní kí wọ́n pín in ní ìdí igi. Kòkó tuntun tí gbogbo wọn jọ gbìn ní ìgbà èwe wọn, orí ò jorí. Ṣé ẹ rí i bí kò ṣe le? Gbogbo ọ̀rọ̀ tí àgbà ẹbí fi mu ẹmu tán láìrí ojútùú rẹ̀! Nígbà tí a ń padà bọ̀, ara mi dẹ̀ bí iṣu tó jiná. Kì í ṣe àárẹ̀. Ìbàlẹ̀ ọkàn ni.

Mo wá gbé ìbẹ́pẹ ńlá lọ bá Ìyá Mínà. Mo dúpẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ìwé yín dáa o! Ìwé àlàáfíà ni."

Ó wò mí. "Ìwé kí ni?"

"Àlàáfíà. Ọkùnrin yẹn tó ju ọrun sílẹ̀ tó jókòó."

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Mo ní kó o dúró. Mo pè ọ́ títí! Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ yẹn, Ọlọ́run ni. Ọlọ́run bá a sọ̀rọ̀ títí, ó ní kó dìde kó jà."

"Háà! Ó wá dìde?"

"Ó dìde."

"Ó jà?"

"Ó jà."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo gbé ọwọ́ lórí. Ẹ gbọ́ mi lóye. Ká ní mo dúró ni! Ká ní mo fara balẹ̀ bí ọmọ tó gbọ́n, tí mo gbọ́ ọ tán, tí mo lọ sọ fún ọkùnrin tó ń pọ́n àdá pé Ọlọ́run Íńdíà ní kó jà! Ìyá Mínà ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí n má bínú sí ìwé òun. Ó ní ọkùnrin yẹn, jagunjagun ni wọ́n bí i, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ní ìwé náà kò ní kí gbogbo ayé gbé ọfà, ohun tó ń wí ni pé kí olúkúlùkù má sá fún iṣẹ́ tirẹ̀.

Mo ní, "Iṣẹ́ ọkọ mi ni káfíńtà."

Ó ní, "Ọkọ rẹ tún jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ṣé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́?"

Mo bi í léèrè pé nígbà tí ogun wá parí, ta ló jẹun nínú rẹ̀? Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Àwọn tó ṣẹ́gun gba ìlú, wọ́n gorí àga, kò sẹ́ni tó kù tí wọ́n máa bá rẹ́rìn-ín. Opó ló kún ìlú.

Nírọ̀lẹ́, mo gbé oúnjẹ síwájú ọkọ mi, mo sọ ìyókù ìtàn fún un. Ó dá òkèlè padà sínú àwo. Ó ní, "Ó jà?" Mo ní ó jà. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní, "Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ fún ọmọlúwàbí. Tìẹ, o ò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n sọ ju àbọ̀ lọ!" Ìyá rẹ̀ gbọ́ láti yàrá, ó ní, "Mo wí bẹ́ẹ̀! Mo ní ó yẹ kó jà!" Ó ti ń jẹun ná nígbà náà, nítorí náà mi ò bá a jiyàn.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Lónìí, ọmọ ìyá kan náà, tí wọ́n jọ mu ọmú kan, lọ́yà ni wọ́n ń kó lọ bá ní Alágbàká, níbi tí kóòtù wà ní Àkúrẹ́. Orí fóònù ni wọ́n ti ń bú ara wọn, wọn ò ní rí ojú ara wọn kí ojú baà lè tì wọ́n. Tí ẹ bá máa jà, ẹ lọ jà lójúkojú. Ẹ lọ síbi tí ẹ ti máa rí imú ẹni tí ẹ fẹ́ ṣá. Tèmi, ka ìwé rẹ. Kà á tán o, má ṣe bíi tèmi.

Bàbá yín àgbà, orí bẹ́ẹ̀dì tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn ló kú sí, pẹ̀lú ewú lórí. Bọ̀dé ló dì í mú. Bọ̀dé náà ṣì wà ní Oda, etí rẹ̀ ti di, ẹnu rẹ̀ ò di. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń pè mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìdí tó fi pè mí ni pé ọbẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́ kò níyọ̀. Mo ní ó níyọ̀. Ó ní kò níyọ̀. A jiyàn títí owó fóònù rẹ̀ fi tán. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ní Olúwa, mo dúpẹ́. Ọkùnrin tí ọkọ mi ì bá ti ṣá sínú oko, tàbí tí ì bá ti sọ mí di opó pẹ̀lú oyún, òun ló jókòó sílé rẹ̀ yìí, tó ń bá mi jà nítorí iyọ̀.